Ọwọ́ Tí Rẹfirí Kò Gbé Sókè

Harmon, Nebraska
Ogúnjọ́ oṣù Kejì

Dádì mi,

Ní gbogbo ọjọ́ tí eré bá wà, pápá ni mo kọ́kọ́ ń lọ kí n tó lọ sí kíláàsì ọ̀sán. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà wọlé, níbi tí àwọn tó ń gé koríko ń kó ẹ̀rọ wọn sí, kí n má baà pàdé ẹni tí màá kí. Màá bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún, màá fi àkísà tó wà lápò mi nu yìnyín kúrò lójú aago ńlá tó wà lẹ́yìn ibi tí onígi tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń dúró sí. Láti òkè wá sílẹ̀ ni mo máa ń nù ún, torí tí mo bá nù ún sí ẹ̀gbẹ́, omi rẹ̀ á tún dì. Lẹ́yìn náà màá rìn lọ sídìí òkìtì ajubọ́ọ̀lù, màá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò jẹ́ gun orí rẹ̀, ẹ ti kọ́ mi. Màá wò ó láti ibẹ̀ bóyá oòrùn ò ta sójú aago débi tí ajubọ́ọ̀lù ò fi ní rí nọ́mbà. Màá wá gòkè lọ sí yàrá àwọn akọ̀wé eré, màá tẹ bọ́tìnnì, aago á kà láti ogún sí òdo. Màá tún tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti kan òdo lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà yẹn ni mo máa ń jẹ búrẹ́dì mi.

Iṣẹ́ tí mo rí nìyẹn o. Èmi ni mò ń tẹ aago fún ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù yunifásítì wa, aago tó ń ka ogún ìṣẹ́jú àáyá tí ajubọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ fi ju bọ́ọ̀lù. Ẹ má bínú. Mo mọ ohun tí ẹ̀yin rẹfirí rò nípa aago yẹn.

Mi ò tíì kí yín pàápàá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìrìn àjò òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ bá mi kí Mọ́mì. Òtútù ibí yìí ń gé etí. Brielle tí a jọ ń gbé yàrá kì í ṣe ènìyàn burúkú, àmọ́ tó bá bi mí ní nǹkan, ó ti máa ń jáde kí n tó rí ìdáhùn mi. Ẹni tó ń dúró gbọ́ mi ni Ọ̀gbẹ́ni Vondra, bàbá àgbà tó ń kọ àkọsílẹ̀ eré. Mississippi ló ń pè mí.

“Mississippi, o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, sà.”

“Irọ́. Búrẹ́dì gbígbẹ yẹn lo pè lóúnjẹ? Mú kóláàṣì kan. Ìyàwó mi ló yan án. Tó ò bá mú un, ilé ni màá gbé e padà sí, ìjà ló máa dà.”

Mo mú méjì; búrẹ́dì kékeré aládùn tó ní èso nínú ni. Ẹ kọ̀wé sí mi láti mọ́tẹ́ẹ̀lì bí ẹ ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìwé yín ni mo fẹ́, kì í ṣe fóònù.

Ọmọ yín,
Ivalee


Mọ́tẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá ọ̀nà, Mississippi
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Ivalee, ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ìyá rẹ kí ọ. Igi píìṣì ẹ̀yìnkùlé ti yọ òdòdó ṣáájú àkókò, ìyá rẹ sì ti bọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wa láti fi bò ó nítorí òtútù. Orí bẹ́ẹ̀dì tí kò láṣọ la sùn.

Ó dà bíi pé ọmọ mi ti gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀tá. Ó dáa. Jẹ́ kí n sọ ohun tí aago yín ṣe fún mi ní Sátidé.

Ẹ̀yìn ahánbọ́ọ̀lù ni mo wà, níbi tí mo ti ń dájọ́ bọ́ọ̀lù. Ìpele ìkẹyìn ni, ayò dọ́gba, àwọn onílé ló di igi mú, ènìyàn wọn sì kún ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bọ́ọ̀lù burúkú ti pé mẹ́ta. Ìkan sí i, eré parí. Ajubọ́ọ̀lù jù ú, onígi fi ẹ̀gbẹ́ igi kàn án, ó sì yà wá bá ìbòjú irin mi bí ìgbà tí ènìyàn bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ lójú.

Ahánbọ́ọ̀lù àwọn àlejò, ọmọ Alabama kan tó ní ìwà, ò yíjú wò mí. Ó kàn sọ lábẹ́ ìmí pé, “Ẹ mí sínú, sà. Mo ń bọ̀.” Ó bá rìn lọ sí orí òkìtì lọ bá ajubọ́ọ̀lù rẹ̀. Kò ní nǹkan kan tó fẹ́ bá a sọ. Ìwọ náà mọ̀. Tó bá jẹ́ òun ni bọ́ọ̀lù bà, èmi ni màá bẹ̀rẹ̀ gbá rọ́bà funfun ẹsẹ̀ onígi tó ti mọ́ tónítóní tẹ́lẹ̀. Bí a ṣe ń fún ara wa láàyè nìyẹn láti ìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹnì kan kì í bi ẹnì kan pé ṣé ó dùn ọ́.

Àmọ́ aago ń kà lọ ní tirẹ̀. Ó kan òdo. Dewitt tó jẹ́ rẹfirí ìdí ibùdó ké e ní bọ́ọ̀lù burúkú, torí òfin ni. Kẹrin rẹ̀ nìyẹn. Onígi rìn lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó wà ní ibùdó kẹta rìn wọlé, ó tán. Ọmọ yẹn pàdánù eré nítorí pé ó ṣàánú mi. Ó wò mí láti orí òkìtì. Kò bú mi. Ó sàn kó bú mi.

Wọ́n wá ń béèrè pé kí ló dé tí mi ò gbé ọwọ́ sókè kí aago dúró. Rẹfirí wo ló máa ń gbé ọwọ́ sókè níwájú gbogbo ayé pé òun ti fara pa?

Ìgbìmọ̀ òfin eré wa ní kí gbogbo ẹni tó bá ní èrò lórí aago kọ ọ́ ránṣẹ́ kí oṣù Kẹrin tó parí. Èrò tèmi ò gùn. Bọ́ọ̀lù bá ti ba rẹfirí tàbí ahánbọ́ọ̀lù, kí aago sinmi títí wọ́n á fi ṣe tán, kí ẹnikẹ́ni má sì béèrè ìdí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ lo mọ̀wé, bá mi kọ ọ́ kó dùn-ún kà. Má fi ọ̀rọ̀ ńláńlá sí i.

Bàbá rẹ,
Hollis Breland


Harmon
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta

Dádì mi,

Ẹ kú ìfaradà. Mo ka lẹ́tà yín lórí àtẹ̀gùn ilé ìkàwé, mo sì tún un kà. Ọ̀rọ̀ ọmọ Alabama yẹn dùn mí. Màá bá yín kọ èrò yín, ẹ má ṣèyọnu.

Àmọ́ ẹ kọ ojú ìwé méjì lórí aago, orí yín ò sì rí ìlà kan gbà níbẹ̀. Ṣé ó wú? Ṣé ẹ rí dókítà? Ṣé ẹ ṣiṣẹ́ ní Sọ́ńdè ọjọ́ kejì?

Mo sọ ìtàn náà fún Ọ̀gbẹ́ni Vondra. Ó ní, “Bàbá rẹ ń jà fún ayé àtijọ́. Èmi ti wà láyé àtijọ́ yẹn, Mississippi. Ajubọ́ọ̀lù á jù ú ẹ̀ẹ̀kan, á rin ìrìn àjò, á wo ojú ọ̀run, á fi ọwọ́ kan fìlà. Mo máa ń sùn láàárín bọ́ọ̀lù méjì, mo sì máa ń lálàá.” Mo rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, “Àmọ́ ti ahánbọ́ọ̀lù yẹn ò dáa. Kò yẹ kí òfin fìyà jẹ ọmọlúàbí.”

Dádì, èmi fẹ́ràn aago yẹn o. Eré ń tán kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tó kó ọmọ wá ń lọ jẹun alẹ́ nílé wọn. Ìgbà tí mo bá sì ń tẹ̀ ẹ́ nìkan ni mo máa ń mọ̀ pé tí mi ò bá wá síbí, nǹkan kan ò ní ṣe é ṣe. Ẹ jẹ́ kí èyí náà wọ inú èrò yín: aago kọ́ ni ọ̀tá.

Ẹ dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ orí yín.

Ọmọ yín,
Iva


Harmon
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹta

Dádì mi,

Mo kí yín, mo kí Mọ́mì. Mo ṣì ń retí èsì yín, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ò jẹ́ kí n lè dúró.

Ọ̀gbẹ́ni Lindquist ni rẹfirí ẹ̀yìn ahánbọ́ọ̀lù. Ọmọ ìlú Harmon níbí ni. Ní ìdajì eré, bọ́ọ̀lù yà láti ara igi, ó bá a lójú irin. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti òkè. Ahánbọ́ọ̀lù wa dìde, kò wò ó, ó rìn lọ sí orí òkìtì. Aago ń kà. Ọ̀gbẹ́ni Lindquist ò gbé ọwọ́. Mo mọ ohun tí mò ń wò. Nínú gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá yẹn, bóyá èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Ìka mi tẹ bọ́tìnnì kí n tó rò ó.

Ọ̀gbẹ́ni Vondra yíjú sí mi. “Ta ló ní kí o dá a dúró?”

“Kò sẹ́ni, sà.”

“Ó gbé ọwọ́ ni?”

“Rárá, sà.”

“Ìka rẹ ò gbọ́dọ̀ ṣáájú ọwọ́ rẹfirí. Wọ́n lè lé ọ.” Ó wá gbé kóláàṣì sún mọ́ mi.

Inú mi dùn, Dádì. Mo ń rò ó pé ẹ̀yin ni mo ṣe é fún.

Ọ̀gbẹ́ni Lindquist wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ń gbálẹ̀. Mo wò ó dáadáa. Kì í ṣe rọ́bà ló ń gbá. Iyẹ̀pẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń gbá, ó ń gbá a kíníkíní bí ẹni tí iṣẹ́ náà yé. Mo rí i. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì mí láti sọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn, mo sì sọ fún ara mi pé ó mọ ohun tó ń ṣe.

Kò pẹ́ tí òmíràn fi bà á. Èyí ò tilẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó ṣubú bí aṣọ tó já lórí okùn. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sínú ọkọ̀ ilé ìwòsàn, ó ń bi wọ́n pé ìlú wo nìyí.

Mi ò lè kọ èrò yín mọ́. Mo ti kọ ọ́ tán, ó dùn-ún kà, mo sì fà á ya. Àkókò tí mo fún Ọ̀gbẹ́ni Lindquist ló fi dúró sẹ́nu iṣẹ́. Ààyè tí ẹ ń fún ara yín láti fi mí, òun náà lẹ fi ń bo ara yín mọ́lẹ̀.

Mo ti fi èrò tèmi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀. Mo ní bọ́ọ̀lù bá ti ba rẹfirí lójú, kí ẹni tó ń tẹ aago dá a dúró fúnra rẹ̀ láìretí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kí olùtọ́jú àwọn eléré wọ pápá wá yẹ̀ ẹ́ wò. Tí olùtọ́jú bá ní kó jókòó, kó jókòó. Mo fi orúkọ mi sí i.

Ẹ má bínú sí mi. Ẹ ṣì jẹ mí ní ìdáhùn lórí ọ̀rọ̀ orí yín.

Iva


Tallow Creek, Mississippi
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin

Ivalee,

A kí ọ. Ara wa le. Igi píìṣì ẹ̀yìnkùlé ti yọ òdòdó ṣáájú àkókò, ìyá rẹ sì ti fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì wa bò ó nítorí òtútù.

Kó tó di pé lẹ́tà rẹ dé ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ. Lamar Tisdale tó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo rẹfirí agbègbè wa ló pè mí. Wọ́n ti ń ka àwọn èrò náà káàkiri. Ó ń rẹ́rìn-ín. “Hollis, ọmọ rẹ fẹ́ fi nọ́ọ̀sì tì ọ́ lẹ́yìn! Ṣé á máa bá ọ gbé ìgò oògùn ni?” Mo gbọ́ tí àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí mi ò rẹ́rìn-ín sí rèé. Tisdale ní wọ́n ti yan mí fún ìdíje agbègbè ní oṣù Karùn-ún. Láti ìgbà tí o ṣì ń rákò ni mo ti ń dúró de ìpè yẹn. Ọdọọdún ni mò ń wo orúkọ àwọn tó kéré sí mi. Ó ti wá dé wàyí, orúkọ Breland tí wọ́n kọ́kọ́ kà lọ́dún yìí sì jẹ́ tìrẹ, lábẹ́ ìwé tó ní kí wọ́n máa yẹ rẹfirí wò bí ẹṣin.

Ronú sí i. Lọ́jọ́ tí olùtọ́jú kan bá tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú níwájú àwọn ọmọ ogún ọdún, ta ló máa gba ìdájọ́ mi lórí bọ́ọ̀lù tó bá tẹ̀ lé e? Olùkọ́ ẹgbẹ́ á sáré jáde, á ní, “Ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i!” Gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní nídìí iṣẹ́ yìí ni pé tí mo bá sọ ọ́, ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ fẹ́ gbà á. O rí ọkùnrin kan tó ṣubú ní Nebraska, o wá sọ gbogbo wa di aláìsàn.

Kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé o yí èrò rẹ padà. Tó ò bá fẹ́, orúkọ ìdílé ìyá rẹ ni kí o máa fi sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Orí mi ò ṣe nǹkan kan. Ìdáhùn rẹ nìyẹn.

H. Breland


Tallow Creek
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹrin

Iva mi,

Mo kí ọ, ọmọ mi, ṣé o ń jẹun? Inú ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń kọ ọ́, torí náà fojú fo ìkọ̀wé mi.

Bọ́ọ̀lù tún ba bàbá rẹ lórí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Dewitt ló sọ fún mi, bàbá rẹ ò sọ. Lọ́jọ́ Ajé ó wa ọkọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ilé wa, èmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Hollis, níbo là ń lọ?” Ó ní òun fẹ́ wo odò. Odò wo? Kò sí odò kankan lọ́nà yẹn, ìwọ náà mọ̀. Ó ti fa gbogbo kọ́tìnnì kíṣìnì, ó ní oòrùn ti pọ̀ jù lọ́dún yìí.

Mo bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kí n má fi ìwà jọ ọmọ mi. Sátidé tó ń bọ̀ ó tún ń lọ sẹ́yìn ahánbọ́ọ̀lù. Mi ò lè jẹ́ ẹni tó máa gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, Iva. Èmi ni mò ń lọ aṣọ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, mi ò lè ṣe é. Má jẹ́ kó mọ̀ pé mo kọ̀wé.

Mọ́mì rẹ


Harmon
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹrin

Dádì mi,

Ẹ kú ilé. Mo ti pè yín títí. Ìgbà kan ṣoṣo tí ẹ gbé e, ẹ ní, “Iva, aago ń kà o,” ẹ sì gé e. Mo mọ̀ pé àwàdà ni. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, fóònù wà lọ́wọ́ mi. Brielle bi mí pé kí ló dé, kò sì jáde. Ó dúró títí mo fi rí ọ̀rọ̀ sọ.

Mi ò ní yí èrò mi padà, orúkọ yín ló sì máa wà lábẹ́ rẹ̀. Mi ò ní òmíràn tó wù mí.

Ẹ ní orí yín ò ṣe nǹkan kan. Dádì, ẹ ti sọ ti igi píìṣì fún mi ní oṣù Kẹta. Òdòdó rẹ̀ ti rẹ̀ dànù tipẹ́. Ẹ tún un sọ ní oṣù Kẹrin bíi pé òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni Mọ́mì jáde lọ fi aṣọ bò ó. Mo gbé lẹ́tà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Mo lọ kí Ọ̀gbẹ́ni Lindquist nílé rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí kí n tó lè kànkùn. Ó jókòó nínú òkùnkùn ní ọ̀sán gangan, ó wọ awò dúdú. Ó ní, “Ìwọ lo dá aago yẹn dúró fún mi?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní, “O ṣé, ọmọ mi. O ṣe dáadáa.” Ìyàwó rẹ̀ gbé kọfí wá. Ó tún yíjú sí mi, ó ní, “Ìwọ lo dá aago yẹn dúró fún mi?” Kí n tó dìde, ó ti bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ń dúpẹ́ bíi pé ìgbà àkọ́kọ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ ò wò mí lójú.

Ẹ ní mo fẹ́ gba ohun kan ṣoṣo tí ẹ ní lọ́wọ́ yín. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo máa ń jókòó sórí àga onígi lẹ́yìn wáyà tí mò ń wò yín, tí olùkọ́ ẹgbẹ́ kan bá ń pariwo, tí ẹ ò dá a lóhùn, tí ẹ kàn dúró títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó ga tó yín ní gbogbo Mississippi lójú mi. Ohun tí ẹ sì sọ nípa tọ́ọ̀ṣì yẹn, òótọ́ ni. Àwọn kan máa fi ṣe yín lẹ́fẹ̀ẹ́. Mo kàn mọ̀ pé mo fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀ láti bínú sí wọn.

Mo ti ń tan ara mi jẹ pé òfin ló máa bá mi ṣe é. Mo rò pé ìgbìmọ̀ á gbà á, aago á dúró, olùtọ́jú á wọ pápá, kò sì ní jẹ́ pé èmi ni mo dá yín dúró. Àmọ́ òfin tí wọn ò tíì jókòó lé lórí ò lè bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọdún tó ń bọ̀. Sátidé yìí ni ẹ̀yin ń lọ sẹ́yìn ahánbọ́ọ̀lù.

Ẹ lè má pè mí mọ́. Ẹ lè má kọ̀wé sí mi láti mọ́tẹ́ẹ̀lì kankan mọ́. Mo ti rò ó dé ibẹ̀, ó sì dùn mí débi tí mi ò lè jẹun. Lẹ́tà yìí ò ní bá yín kí ìròyìn náà tó dé etí yín, mi ò sì fẹ́ kó bá yín ṣáájú, kí ẹ má baà fi ohùn yín dá mi dúró.

Lọ́la, tí wọ́n bá ti ṣí ọ́fíìsì wọn, màá pe Ọ̀gbẹ́ni Tisdale. Màá sọ pé Ivalee Breland ni mí, màá jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Tó bá dákẹ́, màá ní kó yọ orúkọ yín kúrò nínú iṣẹ́ Sátidé, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Ọmọ yín,
Iva